Bọ́ọ̀sì Routemaster RML tí wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì AEC rẹ̀: ṣé ká dá a padà sí bó ṣe jáde ní ilé iṣẹ́, àbí ká fi í sílẹ̀ bó ṣe parí iṣẹ́?

Ọmọ_Peckham

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará wa. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín tẹ́ ẹ ti pẹ́ ní London lẹ máa rántí bọ́ọ̀sì pupa alájà méjì yẹn, Routemaster, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí dírẹ́bà dá jókòó síwájú nínú yàrá tiẹ̀, tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ sì ń gba owó nínú ọkọ̀. Àwa kan máa ń péjọ lópin ọ̀sẹ̀ láti tún ọ̀kan ṣe, kì í ṣe iṣẹ́ owó, ìfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ ló kó wa jọ, èmi nìkan sì ni ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀. Ìdí tí mo fi gbé e wá síbí ni pé àwọn tó jẹun lórí bọ́ọ̀sì yìí gan-an pọ̀ láàárín wa, àwọn kan wà á, àwọn kan gba owó, àwọn kan ń tún un ṣe ní gàréèjì lóru.

RML ni tiwa, irú Routemaster tó gùn. RM lásán, irú tó wọ́pọ̀, gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 27 àti ààbọ̀, ó ń gbé èèyàn 64, RML gùn tó 30, ó ń gbé 72, ẹ ó sì tètè dá a mọ̀ torí fèrèsé kékeré kan tí wọ́n fi há àárín àwọn ńlá lókè àti nísàlẹ̀. Nínú 2,876 Routemaster tí wọ́n ṣe, 524 péré ni RML. Àwọn irú ẹ̀ ló ń ná Peckham títí dé òpin, wọ́n kúrò lórí ọ̀nà nọ́ńbà 12 ní November 2004, wọ́n kúrò lórí 36 ní January 2005.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé. Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 wọ́n tún àwọn RML ṣe látòkèdélẹ̀ kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ sí i. Wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì lítà 9.6 ti iléeṣẹ́ AEC tó bá tiwa wá, wọ́n gbé ti iléeṣẹ́ Cummins sí i (Iveco ni wọ́n gbé sí àwọn mìíràn). Wọ́n yọ gílóòbù àtijọ́, wọ́n fi iná gígùn sí i, wọ́n pààrọ̀ aṣọ orí àga, wọ́n sì fi ọ̀dà mìíràn bo àwọn àwọ̀ tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní báyìí àwa tá a jọ ń ṣe é ti pín sí méjì, àwọn kan ní ká wá AEC ká dá gbogbo ẹ̀ padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó jáde, àwọn kan ní rárá o. Kí lẹ rí sí i? Ìbéèrè kejì, níbo gan-an la ti gbọ́dọ̀ yẹ ara ọkọ̀ wò ká tó fọwọ́ kan ọ̀dà? Torí ó ti pẹ́ nínú ọgbà níbi tí òjò ti ń pa á.

Sípánà17

Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ẹ jẹ́ n mú ìbéèrè kejì ṣáájú torí ẹ́ńjìnnì lè dúró, ara ọkọ̀ ò lè dúró.

Ohun tó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan Routemaster kọ́kọ́ mọ̀ ni pé kò ní ṣáásì, ìyẹn férémù irin abẹ́ ọkọ̀. RT, bọ́ọ̀sì London tó ṣáájú rẹ̀, ní ṣáásì gidi, ara ọkọ̀ kàn jókòó lé e lórí ni, ẹ lè gbé ara yẹn kúrò kí ṣáásì ṣì máa rìn lọ. Routemaster ò rí bẹ́ẹ̀. Ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀, alumíníọ̀mù yẹn, òun ló ru gbogbo ẹrù. Férémù kékeré kan wà níwájú tí wọ́n ń pè ní A-frame, ìyẹn ló gbé ẹ́ńjìnnì àti stíárìn àti sípíríǹgì iwájú, òmíràn wà lẹ́yìn tó ń jẹ́ B-frame, ìyẹn ló di áàsù ẹ̀yìn mú. Bóòtù ni wọ́n fi so méjèèjì mọ́ ara ọkọ̀. Nítorí náà tí ibi tí wọ́n ti dè é bá ti jẹrà, kò sí nǹkan kan lábẹ́ tó máa gbà á dúró, ẹ ó kàn rí i pé ẹ̀yìn ọkọ̀ ń rọ̀ sílẹ̀.

Alumíníọ̀mù kì í dógùn-ún bí irin ṣe ń dógùn-ún, òun ló ń tan èèyàn jẹ. Níbi tó bá ti fara kan irin, tí omi sì ń dé ibẹ̀, pàápàá omi oníyọ̀ torí iyọ̀ tí wọ́n máa ń dà sójú títì nígbà òtútù, alumíníọ̀mù ló máa jìyà, á di ìyẹ̀fun funfun, á wú, á sì máa ti páànù tó wà níta síta. Tẹ́ ẹ bá rí i pé páànù kan wú díẹ̀ tí ọ̀dà orí ẹ̀ dára, ẹ má yọ̀, ẹ tú u. Ibi tó burú jù ni pèpéle ẹ̀yìn tí èèyàn ń gbà wọlé. Ẹ rò ó wò, bàtà tutù ní gbogbo ìgbà òjò fún ohun tó ju 30 ọdún lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, abẹ́ àtẹ̀gùn, ògiri tó wà láàárín pèpéle àti ibi ìjókòó ìsàlẹ̀, àti gbogbo etí ilẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ àwọn àga gígùn tó wà lórí táyà ẹ̀yìn. Ẹ mú òòlù kékeré, ẹ máa kàn án jẹ́jẹ́, ẹ̀yin fúnra yín máa gbọ́ ibi tí ohùn ti yí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi filler, àtè tí wọ́n fi ń dí ara ọkọ̀, dí ihò kankan lára ọkọ̀ tí ara rẹ̀ ń ru ẹrù. Mo ti rí i lára ọkọ̀ tí wọ́n kùn dáadáa tó ń dán yanran.

Kí ẹnikẹ́ni tó tú bírékì, ẹ ronú nípa asbestos, ohun tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ọdún 1999 ni wọ́n tó fòfin dè é tán nílẹ̀ yìí, àwọn láíní bírékì àtijọ́ kún fún un. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ eruku, ẹ má fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ.

Tó bá wá kan ẹ́ńjìnnì, èmi ní kí ẹ fi Cummins yẹn sílẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ ó kàn yọ ọ̀kan kẹ́ ẹ gbé èkejì sí i o, ibi tí wọ́n dè é mọ́ ti yàtọ̀, páìpù omi ti yàtọ̀, bí gíà ṣe ń gba àṣẹ ti yàtọ̀. AEC ti kógbá sílé ní Southall láti 1979, àpótí ẹrù àtijọ́ tàbí ọkọ̀ mìíràn tó ti kú lẹ ó ti máa rí pááàtì.

Ìró_AEC

Ẹ̀gbọ́n Sípánà17, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ohun tẹ́ ẹ sọ nípa ara ọkọ̀ ò ṣeé jà níyàn, ṣùgbọ́n lórí ẹ́ńjìnnì mi ò gbà.

Ọkọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ṣe ara rẹ̀ tí ẹlòmíràn lọ wá ẹ́ńjìnnì fún. London Transport, AEC àti Park Royal tó ń kan ara ọkọ̀ jọ jókòó lé e lórí ni, A.A.M. Durrant ló ṣáájú àwọn ẹnjiníà, Douglas Scott ló ya ìrísí rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, London Transport wà lára àwọn tó ń kan ọkọ̀ òfuurufú Halifax tí wọ́n fi ń ju bọ́ǹbù, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ ọwọ́ alumíníọ̀mù dáadáa. Wọ́n gbé RM1 jáde fáráyé rí ní 1954 níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Earl's Court, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi lórí nọ́ńbà 2 ní February 8, 1956. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé RM gbé èèyàn 64, kò sì wúwo ju RT tó ń gbé 56 lọ. Gbogbo ìyẹn, pẹ̀lú stíárìn tó fúyẹ́, gíà tó ń pààrọ̀ ara rẹ̀, sípíríǹgì onírin wíwé lórí táyà kọ̀ọ̀kan níwájú, láyé ìgbà tí dírẹ́bà RT ṣì ń fi gbogbo apá àti àyà yí ọwọ́ stíárìn, tó kọ́kọ́ ń yan gíà pẹ̀lú ọwọ́ kó tó fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà kó lè wọlé.

Ẹ́ńjìnnì náà wà lára ìṣirò yẹn. Ẹ wá lọ gbọ́ bí AEC ṣe ń dún tó bá dúró sí bọ́ọ̀sì sítọ́ọ̀pù, bí gbogbo gíláàsì ṣe ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, kó tó wá gbéra pẹ̀lú igbe yẹn tó máa ń jáde látara gíà. Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn 2005 ò gbọ́ ọ rí. Tó bá jẹ́ Cummins ló máa gbọ́ kí ló wá fi yàtọ̀ sí lọ́rì tó ń kọjá lójú títì? Bẹ́ẹ̀ náà ni inú ọkọ̀, àwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n fara balẹ̀ yàn, pupa ṣíṣú bíi ti wáìnì nísàlẹ̀, àwọ̀ ewé yí fèrèsé ká, àjà òkè wá ní àwọ̀ ìyeyè (yellow), kí ìmọ́lẹ̀ gílóòbù lè rọ̀ sójú èèyàn lálẹ́. Iná gígùn tí wọ́n fi sí i nígbà tó yá mú kí ojú gbogbo èèyàn dà bí ojú aláìsàn. Ẹ dá a padà. Á gba àsìkò, á gba owó, ṣùgbọ́n ọkọ̀ yìí ò lọ síbì kankan.

Àǹtí_Tíkẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin ọmọ mi ẹ kú àtìlẹ́yìn. Èmi kì í kọ nǹkan síbí, mo máa ń kà ni, ṣùgbọ́n èyí kàn mí torí èmi ṣe kọ̀ńdọ́kítọ̀ lórí Routemaster, mo bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Gibson ṣì wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò mọ Gibson, ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì ni, irin gidi, George Gibson ló ṣe é, London Transport lò ó láti 1953 títí di 1993. Àyà la máa ń gbé e kọ́, ó wúwo, o yí owó tí èrò fẹ́ san lẹ́gbẹ̀ẹ́, o yí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ tíkẹ́ẹ̀tì jáde lórí bébà funfun lásán, ìyẹn ni pé kò sídìí láti máa gbé ìdì tíkẹ́ẹ̀tì olóríṣiríṣi àwọ̀ kiri bíi ti àwọn tó ṣáájú wa. Íńkì rẹ̀ máa ń wà lọ́wọ́ mi dé ilé.

Àwọn tí kò ṣe iṣẹ́ yẹn rò pé owó nìkan la ń gbà. Dírẹ́bà ò rí ẹ̀yìn, inú yàrá tiẹ̀ ló wà, kò sí ọ̀nà tá a lè gbà bára wa sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀lì nìkan ni. Ẹ̀ẹ̀kan, dúró. Ẹ̀ẹ̀mejì, máa lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ọkọ̀ ti kún, má dúró fún ẹnikẹ́ni. Okùn ni wọ́n fi ń lu ti ìsàlẹ̀, ó gba abẹ́ àjà kọjá, ti òkè jẹ́ bọ́tìnì. Èmi ni mo ń wò bóyá màmá àgbà yẹn ti fi ẹsẹ̀ kejì lé pèpéle kí n tó lu ẹ̀ẹ̀mejì, èmi ni mo ń lé àwọn ọmọ tó ń fò sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró. Ẹni tó ṣe Routemaster ro tiwa mọ́ ọn o, abẹ́ àtẹ̀gùn yẹn níbi tí Sípánà17 ní kẹ́ ẹ máa fi òòlù kàn, wọ́n dá àyè kékeré síbẹ̀ fún kọ̀ńdọ́kítọ̀ láti dúró kó má bàa dínà fún èrò. Lórí RT ẹ̀yìn ọ̀nà gan-an lo máa ń dúró sí. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, mo fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí. Ẹ̀yin ń sọ pé kẹ́ ẹ dá a padà sí bó ṣe rí nígbà tó jáde. Ta ló wà nínú rẹ̀ nígbà náà? Àwọn ará Barbados ti ń ṣiṣẹ́ lórí bọ́ọ̀sì London nígbà yẹn, London Transport ló rán èèyàn lọ síbẹ̀ láti 1956 láti gbà wọ́n síṣẹ́, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká gbàgbé wọn, àwọn ló la ọ̀nà. Ṣùgbọ́n àwa Yorùbá tá a kún Peckham, àwọn ìyá tó ń gbé àpò ẹ̀fọ́ àti ẹja gbígbẹ wọ 36 lọ́sàn-án Sátidé, àwọn tó ń lọ ṣe ìmọ́tótó ọ́fíìsì ní Victoria ní aago mẹ́rin àárọ̀, abẹ́ iná gígùn yẹn ni wọ́n jókòó sí, lórí aṣọ àga tuntun yẹn ni wọ́n ti sùn lọ. Bí mo bá wọ ọkọ̀ yín tí mo bá gílóòbù pípọ́n àti pupa wáìnì, ó máa dára lójú, ṣùgbọ́n kì í ṣe bọ́ọ̀sì mi. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe parí iṣẹ́.

Kí n fi èyí kún un, ẹ má ṣe kọ ọ́ sára ògiri pé ìjọba kàn fi ìkanra pa á ni. Ẹni tó ń lo wheelchair ò lè wọ Routemaster láéláé. Ìyá ìbejì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ká kẹ̀kẹ́ ọmọ, kó gbé ọ̀kan fún mi, kó gbé ọ̀kan dání. Mo sunkún lọ́jọ́ tí 159 ná ìrìn ìkẹyìn, December 9, 2005, ṣùgbọ́n mo mọ ìdí rẹ̀.

Ará_Bristol

Àǹtí, ẹ ṣeun púpọ̀ mà. Ọ̀rọ̀ yín yìí ló jẹ́ kí n dá sí i, torí ọ̀dọ̀ wa níbí, bọ́ọ̀sì àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ràn jù ni Lodekka, mo sì máa ń bínú bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn rẹ̀ láìdárúkọ èèyàn.

Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ dára o. Afárá tó rẹlẹ̀ pọ̀ nílẹ̀ yìí, alájà méjì tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ kó lè gba abẹ́ wọn kọjá, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n máa ń ya ọ̀nà ìrìn òkè sí, èèyàn mẹ́rin á jókòó sórí àga kan ṣoṣo, ẹni tó wà ní ìparí á máa bẹ àwọn yòókù kó tó jáde, àwọn tó wà nísàlẹ̀ náà á sì máa fi orí gbá àjà nígbà tí wọ́n bá dìde. Iléeṣẹ́ Bristol tó ń ṣe bọ́ọ̀sì wá wo ọ̀rọ̀ náà láti ìsàlẹ̀, wọ́n rẹ áàsù ẹ̀yìn àti irin tó ń gbé agbára lọ síbẹ̀ sílẹ̀, ilẹ̀ ọkọ̀ rẹlẹ̀, gbogbo ọkọ̀ wá ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 13 àti ààbọ̀ péré pẹ̀lú ọ̀nà ìrìn láàárín lókè àti nísàlẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ jáde ní 1949, wọ́n ń ṣe é títí di 1968. Brislington níbí ni wọ́n ti ń ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀, ECW ní Lowestoft ló ń kan ara sí i.

Àwọn bọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ ló ń rìn ní Bristol ní 1963 nígbà tí iléeṣẹ́ bọ́ọ̀sì ìlú yìí, Bristol Omnibus, kọ̀ láti gba ènìyàn dúdú tàbí ará Éṣíà sí iṣẹ́ dírẹ́bà àti kọ̀ńdọ́kítọ̀. Kì í ṣe pé kò sí àyè iṣẹ́, wọ́n ń wá èèyàn. Guy Bailey, ọ̀dọ́mọkùnrin láti Jàmáíkà, wọ́n ti fún un ní àkókò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọmọ Jàmáíkà ni wọ́n fagi lé e. Paul Stephenson tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Roy Hackett àtàwọn mìíràn ní kí ará ìlú má wọ bọ́ọ̀sì mọ́. Àwọn èèyàn fẹsẹ̀ rìn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì jáde tì wọ́n lẹ́yìn. August 28, 1963, iléeṣẹ́ náà gbà. Ní September, Raghbir Singh, ẹlẹ́sìn Síìkì, di kọ̀ńdọ́kítọ̀ àkọ́kọ́ tí kì í ṣe òyìnbó lórí bọ́ọ̀sì Bristol. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ni òfin àkọ́kọ́ lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ni pé bí ẹ bá ti parí RML yín, ẹ kọ orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ sínú rẹ̀, ẹ má kọ ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì nìkan. Mo wo pátákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lodekka kan níbi àpéjọ ọkọ̀ àtijọ́, gbogbo nǹkan tó wà níbẹ̀ ni iye àga àti irú gíà. Ìyẹn ò tó.

Mẹkáníìkì_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Ìbàdàn ni mo ti ń kà yín, mo gbádùn ẹ̀ gan-an. Bàbá mi jẹ́ káńpẹ́ńtà tó ń kan ara bọ̀lẹ́kájà, Bedford ló máa ń wá láti Ìlú Ọba, orí àti ẹ́ńjìnnì nìkan, ìyókù pákó ni, àwọn ló ń kàn án níbí, nítorí náà ọ̀rọ̀ ara ọkọ̀ tó jẹrà yìí mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ìbéèrè mi méjì rèé. Kí ló fà á tí ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní 1960 fi ṣì ń ṣiṣẹ́ ní 2005, ṣé kò sí tuntun tó rọ́pò rẹ̀ ni? Èkejì, ṣé ẹni tí kò ní láísẹ́ǹsì bọ́ọ̀sì lè wà á?

Sípánà17

Ẹ̀gbọ́n Mọ́kọ́lá, ìbéèrè àkọ́kọ́ yín ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo èyí.

Tuntun wà o, ó pọ̀. Láti 1970 London Transport ra ohun tó lé ní 2,600 Daimler Fleetline, wọ́n ń pè wọ́n ní DMS, ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, dírẹ́bà nìkan ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́, kò sí kọ̀ńdọ́kítọ̀. Ìjọba fẹ́ bẹ́ẹ̀, owó oṣù kọ̀ńdọ́kítọ̀ ni wọ́n fẹ́ yọ, láti 1968 ìjọba tiẹ̀ ń fi owó ti àwọn iléeṣẹ́ lẹ́yìn láti ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọkọ̀ yẹn ló wá kọ́kọ́ kú. Kí ọdún 1979 tó parí wọ́n ti ń tà wọ́n dànù, àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá ń lọ sọ́gbà àwọn onípàǹtí ní Barnsley, Routemaster tí wọ́n ní kí wọ́n wá rọ́pò ń kọjá lára wọn. DMS tó kẹ́yìn kúrò lórí títì London ní 1993, ọdún 12 ṣáájú Routemaster.

Aldenham ló fà á, ìyẹn lójú tèmi. Iléeṣẹ́ àtúnṣe London Transport ni, ó ṣí ní 1956 nínú ilé tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ fún ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ kí ogun tó dé. Gbogbo RT ni wọ́n máa ń mú wá síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n á gbé ara kúrò lórí ṣáásì, ara á gba ọ̀nà tiẹ̀ lọ, ṣáásì á gba ọ̀nà tiẹ̀, kréènì á máa gbé bọ́ọ̀sì kọjá lókè orí èèyàn. Torí pé ìwọ̀n gbogbo wọn dọ́gba géérégé, ara tó bá kọ́kọ́ ṣe tán ni wọ́n máa gbé lé ṣáásì tó bá kọ́kọ́ ṣe tán, nọ́ńbà ọkọ̀ á tẹ̀ lé ìwé. Ìyẹn ni pé RT tí ẹ wọ̀ lónìí lè máà ní ohunkóhun pọ̀ pẹ̀lú èyí tó ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà lọ́dún tó kọjá, àfi ìwé. Wọ́n ṣe Routemaster kó lè bá iṣẹ́ yẹn mu, A-frame, B-frame, ẹ́ńjìnnì, gíà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń yọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tí òmíràn tó ti ṣe tán á bọ́ síbẹ̀. DMS jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń tà fún gbogbo ìlú, wọn kò ṣe é pẹ̀lú èrò pé ẹnì kan á tú u palẹ̀ bẹ́ẹ̀, nígbà tó dé Aldenham ó há síbẹ̀. Wọ́n ti Aldenham pa ní 1986, ṣùgbọ́n Routemaster ti jàǹfààní rẹ̀ fún ohun tó ju ogún ọdún lọ nígbà náà.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n sọ fún Ìró_AEC pé Cummins kì í ṣe àjèjì nínú ọkọ̀ yẹn. Wọ́n ṣe é kí nǹkan lè máa jáde kí òmíràn sì máa wọlé. Bó ṣe pẹ́ láyé nìyẹn.

Láísẹ́ǹsì ńkọ́, bẹ́ẹ̀ ni, bọ́ọ̀sì tó ti lé ní 30 ọdún, ẹni tó ti pé ọdún 21 lè fi láísẹ́ǹsì mọ́tò lásán wà á tí kò bá gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí kò sì gbé ju èrò mẹ́jọ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́ yín, ọkọ̀ yẹn ga, ó gùn.

Ìró_AEC

Ẹ̀gbọ́n, ti Aldenham yẹn wọ̀ mí lára, mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ gbà pé ohun tó ń wọlé sí i ní Aldenham, AEC tàbí Leyland ni, irú èyí tí wọ́n fún un látìbẹ̀rẹ̀. Mo ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ mi. Ohun tí mo máa sọ fún Ọmọ_Peckham ni pé kí wọ́n má ta ohunkóhun tí wọ́n bá tú kúrò, kí wọ́n má sì fi iná jó ọ̀dà inú ọkọ̀ kúrò, wọ́n máa bá pupa wáìnì yẹn lábẹ́ tí wọ́n bá rọra ha á, kí wọ́n fi apá kékeré kan sílẹ̀ láìbò ó, bóyá lẹ́yìn àga tó kẹ́yìn lókè, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é lọ́jọ́ iwájú lè rí àwọ̀ náà gan-an. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ gbọ́ AEC, ẹ lọ sí Brooklands ní Weybridge, London Bus Museum wà níbẹ̀ láti 2011. Wọ́n ní T31 níbẹ̀, AEC Regal ti 1929 tí àwọn ọ̀rẹ́ kan dá owó jọ rà lọ́wọ́ London Transport ní 1956 kí wọ́n má bàa fọ́ ọ.

Ọmọ_Peckham

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ka gbogbo ẹ̀ sí àwọn tá a jọ ń ṣe é létí, mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn bí mo ṣe ń kà á, nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ Àǹtí gbogbo wọn dákẹ́. A ti fẹnu kò, Cummins dúró, iná gígùn dúró, aṣọ àga tó wà lórí ẹ̀ nígbà tó kúrò lójú títì la máa wá. Àbá Ìró_AEC nípa ọ̀dà yẹn náà la máa ṣe, a ti ha ibì kan lẹ́yìn àga òkè, pupa náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó rẹwà. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà, tẹ́ ẹ bá lè wá bá wa sọ fún àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń lu bẹ́ẹ̀lì àti bí wọ́n ṣe ń lo Gibson, a máa wá gbé yín. Ará_Bristol, pátákó tẹ́ ẹ sọ yẹn, èmi fúnra mi ni mo máa kọ ọ́, lédè Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá.

Ẹ̀gbọ́n Sípánà17, òòlù yẹn ti bá wa sọ̀rọ̀. Pèpéle dún dáadáa ju bí mo ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n nígbà tá a tú páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó wà lẹ́yìn ibi ìjókòó, apá òsì, ìyẹ̀fun funfun ló ń dà sílẹ̀, òpó kan ti jẹ débi pé ìka mi wọ inú rẹ̀. Ṣé ká gé e ni?

Sípánà17

Ẹ má tíì gé nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ fi igi àti jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ dúró lábẹ́ B-frame àti lábẹ́ etí ilẹ̀ ọkọ̀ lápá méjèèjì, kí òpó yẹn má ru ẹrù kankan mọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ wọn ìgúnrégé ẹnu fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wá lọ tú páànù ti apá ọ̀tún, tí òpó tibẹ̀ bá dára, òun lẹ ó fi ṣe àpẹẹrẹ tẹ́ ẹ ó fi ṣe tuntun, irú alumíníọ̀mù kan náà, ìnípọn kan náà, ríbẹ́ẹ̀tì tí inú rẹ̀ ki níbi tí wọ́n ti lò ó látilẹ̀, ẹ má fi èyí tí ihò wà nínú ẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ibi gbogbo tí irin bá ti máa kan alumíníọ̀mù, ẹ fi ìpara tó ń dènà kí wọ́n fara kanra sí àárín wọn kẹ́ ẹ tó dè é, kó yọ jáde létí méjèèjì, kẹ́ ẹ sì wá ibi tí omi ti ń wọlé látòkè, torí kò ṣàdéédéé rí bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ apá òsì nìkan, ẹ wo rọ́bà fèrèsé tó wà lókè rẹ̀ gan-an. Ẹ ya fọ́tò wá kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.